Bí Iṣẹ́ Fífọ Ìta Ilé Ṣe Ń La Àkókò Òjò Já ní Ìkòròdú

Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, fóònù ẹni tó ní ẹ̀rọ prẹ́ṣọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi agbára omi fọ ìta ilé, kì í sinmi ní Ìkòròdú. Onílé fẹ́ kí fẹ́ǹsì mọ́ kí àwọn ọmọ tó ti òkèèrè dé fún Kérésì, ṣọ́ọ̀ṣì ń múra sílẹ̀ fún àìsùn ọdún tuntun, ẹni tó sì fẹ́ kun ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ èéhù kúrò lára ògiri kí ọ̀dà má baà bó. Tó bá di oṣù karùn-ún tí òjò ń rọ̀ léraléra, ìpè á dín kù. Ní oṣù kẹfà, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá láìsí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo àwọn onífọ̀ ń lò. Ibi tí ẹni tó yè é ti yàtọ̀ sí ẹni tó ta ẹ̀rọ rẹ̀ ni ohun tó ṣe pẹ̀lú owó, oníbàárà àti ẹ̀rọ náà kí ẹ̀rùn tó parí.

Ní ilẹ̀ olótùútù bíi Kánádà, ìgbà òtútù ló ń dá irú iṣẹ́ yìí dúró. Omi tó bá kù nínú pọ́ǹpù á dì, á fẹ̀, á sì la irin. Ilẹ̀ tí wọ́n bá fọ̀ á di yìnyín tó lè gbé ènìyàn ṣubú. Àwọn tibẹ̀ á da òògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì sínú ẹ̀rọ, wọ́n á gbé e pamọ́, wọ́n á wá máa so iná Kérésì mọ́ òrùlé onílé tàbí kí wọ́n máa kó yìnyín. Níbi tiwa, òjò ló ń ṣe é, òjò kì í sì í ti ilẹ̀kùn pa pátápátá bí òtútù ṣe ń ṣe. Ó máa ń le jù ní oṣù kẹfà sí ìkeje, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, àti bí ìsinmi oṣù kẹjọ yóò ṣe gùn tó. Ìwé náà wúlò fún onífọ̀ bó ṣe wúlò fún àgbẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ni omi òjò ń bà jẹ́ nígbà iṣẹ́, kẹ́míkà ni. Bílíìṣì tí wọ́n fọ́n sára ògiri nílò bí ìṣẹ́jú 10 sí 20 kó tó pa èéhù. Tí òjò bá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, owó ti ṣàn wọ gọ́tà nìyẹn. Ẹrẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpópónà abẹ́lé ní Ìkòròdú kò ní ọ̀dà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì pupa, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó bá wọlé lẹ́yìn òjò ti tó láti ba íntálọ́ọ̀kì tí wọ́n fọ̀ lánàá jẹ́. Ìdí nìyí tí onílé fi máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí òjò lọ ná." Kò sí èsì tó dára fún un, torí òótọ́ ló sọ. Ohun mìíràn ló yẹ ká tà fún un lásìkò yẹn.

Owó ló kọ́kọ́ gba ìṣirò. Ká ní ilé, owó ọkọ̀, dátà àti owó ọmọ iṣẹ́ ń jẹ 150,000 náírà lóṣù. Oṣù mẹ́rin tó le, ìyẹn kẹfà, keje, kẹsàn-án àti kẹwàá, á jẹ 600,000. Ìgbà ẹ̀rùn láti oṣù kọkànlá dé ìparí oṣù kẹta jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ 21, nítorí náà 600,000 yẹn túmọ̀ sí bí 29,000 lọ́sẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá ń gbìyànjú láti tọ́jú rẹ̀ sínú àpò ara rẹ̀ kì í sábà rí i ṣe, torí oṣù kejìlá ní ẹnu púpọ̀.

Èsúsú ló dáàbò bò ó jù, bí a bá yan ipò ìkówó dáadáa. Ẹ jẹ́ ká wo ènìyàn mẹ́wàá tó ń dá 60,000 lóṣù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Ẹni kẹjọ ló máa kó ní oṣù kẹfà, á sì gba 600,000. Ipò yẹn ni kí onífọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ tí wọ́n ń tò ó, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa fi sílẹ̀ fún un tayọ̀tayọ̀, torí oṣù kejìlá àti oṣù kẹjọ tí ilé ìwé ti fẹ́ wọlé ni àwọn yòókù ń lé. Ṣùgbọ́n ìdákowó kò tíì parí lọ́jọ́ tó kó o: oṣù keje àti ìkẹjọ ṣì wà níwájú. Kó yọ 120,000 sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó kù jẹ́ 480,000, iṣẹ́ inú òjò ló sì máa mú 120,000 tó ṣẹ́ kù wá. Ẹni tó kó ní oṣù kejìlá máa gbádùn ọdún, á sì máa san gbèsè lójú òjò. Alájọ ojoojúmọ́ náà dára fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré, owó ọjọ́ kan lóṣù ni wọ́n máa ń yọ fún iṣẹ́ wọn. Kí a ṣáà ti bá a ṣàdéhùn pé a kò ní béèrè títí di oṣù kẹfà.

Oníbàárà ẹ̀rùn náà ni a máa ń fi dá oníbàárà òjò sílẹ̀. Nígbà tí íntálọ́ọ̀kì ṣì ń tàn, tí inú onílé ń dùn, ni kí a bá a sọ̀rọ̀ ìfọ́n kẹ́míkà ti oṣù kẹjọ ní ẹ̀dínwó, kó san ìdajì sílẹ̀. Ilé ìwé aládàáni rọrùn jù níbí: ìsinmi wọn bọ́ sí ìparí oṣù keje títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ògiri wọn sì gbọ́dọ̀ mọ́ kí òbí tó dé. Owó àsansílẹ̀ yìí ti ba ọ̀pọ̀ jẹ́ o. Gbèsè ni, èrè kọ́. Ẹni tó bá fi ra ẹran Kérésì kò ní rí owó ra kẹ́míkà ní oṣù kẹjọ. Ọdún Iléyá náà ń mú iṣẹ́ wá, àmọ́ ó ń fi bí ọjọ́ 11 yára dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní 2026 ó bọ́ sí ìparí oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò ti wọlé. Kí a fọ ilé àwọn Alhaji ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí a má dúró de ọ̀sẹ̀ ọdún.

Nínú òjò gan-an, fífọ ibi tó ń yọ̀ ni a ń tà. Èéhù aláwọ̀ ewé máa ń hù lórí àtẹ̀gùn, ibi àlùwàlá, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀gbẹ́ kànga, ibẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà ti ń ṣubú. Ibi kékeré ni, kò nílò ẹ̀rọ ńlá. Ẹ̀rọ ìfọ́n tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó ń gba lítà 16, ti tó. Bílíìṣì inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà ní ọjà kẹ́míkà Òjòta sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 sí 12 nínú 100. Lítà mẹ́ta rẹ̀ pẹ̀lú lítà 12 omi á sọ ọ́ di bí ìdá méjì, èyí sì tó fún kọnkéré àti íntálọ́ọ̀kì. Kí a fi omi rin òdòdó àti koríko tó wà nítòsí ṣáájú àti lẹ́yìn, ká wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú, ká dúró fún ìṣẹ́jú 15, ká tó ṣàn án. Aago méje sí mẹ́wàá òwúrọ̀ ló sábà máa ń gbani láàyè jù. Kí ẹnikẹ́ni má gun òrùlé ní oṣù kẹfà, owó yòówù kí wọ́n fi lọ̀ ọ́.

Àwọ̀ pupa tí omi bọ́họ̀ọ̀lù fà sára ògiri kì í ṣe èéhù, ìpata ni. Bílíìṣì kì í ṣí i, ó lè mú kó tún le sí i. Ásíìdì ọ́sálíìkì ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ásíìdì èyíkéyìí, títí kan èyí tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, pàdé bílíìṣì. Afẹ́fẹ́ kílórìnì tó ń jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn. Kí a má sì ra bílíìṣì púpọ̀ pamọ́ de oṣù kọkànlá: ooru àti oòrùn ń sọ ọ́ di omi lásán, bó bá sì ṣe le tó ni ó ṣe ń yára kú. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí a fi omi bù ú sí ìdajì, ká gbé e sí òkùnkùn nínú kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ ní ihò kékeré tí gáàsì lè gbà jáde.

Fífọ tánkì omi kò bìkítà fún òjò, ó sì yẹ kó jẹ́ oúnjẹ oṣù keje. Lẹ́yìn tí a bá ti gbọn ẹrẹ̀ kúrò, tí a fọ ara tánkì, kí a kún un padà, ká da lítà kan àti ààbọ̀ bílíìṣì inú ilé tó jẹ́ ìdá 3.5, tí kò ní òórùn olóòórùn dídùn, sínú lítà 1,000 omi. Kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24, ká tó tú u dànù, ká ṣàn án. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, nígbà tí dámù Ọ̀yán bá ń tú omi sílẹ̀ tí Odò Ògùn sì kún, Ajégúnlẹ̀ àti Májídùn máa ń wà nínú omi. Tí omi bá ti lọ, kí a fọ ẹrẹ̀ náà nígbà tó ṣì tutù, torí tó bá gbẹ, ìlọ́po iṣẹ́ ni. Kí a rí i dájú pé iná ilé ti kú, ká wọ bàtà òjò, torí omi ṣáláńgá ti dàpọ̀ mọ́ ọn. Kò bójú mu láti bu owó gọbọi lé ẹni tí omi lé kúrò nílé, àdúgbò á sì rántí rẹ̀ ní oṣù kejìlá.

Ẹ̀rọ tó jókòó ni òjò ń jẹ. Bí kò bá ní ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, kí a fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí kẹ́míkà lè jáde, torí bílíìṣì tó kù ń jẹ rọ́bà inú pọ́ǹpù. Ká ti omi, ká tẹ ìbọn tó ń fọ́n omi títí agbára á fi tán, ká yọ rọ́bà omi, ká fa okùn ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí omi tó kù lè tú. Ká kán ọ́ìlì fífúyẹ́ díẹ̀ sí ẹnu pọ́ǹpù, ká tún fà á. Lẹ́yìn náà, ká ti ẹnu epo, ká tú epo tó kù nínú kabúrétọ̀ jáde. Bẹntiróòlù tó bá jókòó síbẹ̀ ju oṣù kan lọ á máa fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀, á dí ihò tínńtín inú rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń tan tó tún ń kú ní oṣù kọkànlá. Ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 6.5 ń gba bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá lítà ọ́ìlì. Kí a pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Bí ọ́ìlì pọ́ǹpù bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀, síìlì ti bàjẹ́. Ká gbé ẹ̀rọ sórí búlọ́ọ̀kù, ká má fi nylon dì í pinpin, torí ó máa làágùn nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ó rọrùn jù láti gbàgbé. Ọmọ tí kò gba kọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́rin á ti gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ kí oṣù kọkànlá tó dé, ẹni tuntun sì máa ba páànù àti gíláàsì ẹni jẹ́ kó tó mọ iṣẹ́. Owó kékeré tí a bá fún un lọ́sẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tánkì, kò ná ni tó kíkọ́ ẹni tuntun níṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, ká dán ẹ̀rọ wò kí ìpè tó bẹ̀rẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, kí a má kọ́kọ́ fọwọ́ kan pọ́ǹpù. Iyanrìn inú omi bọ́họ̀ọ̀lù máa ń fẹ ihò nọ́sù (ẹnu ìbọn ibi tí omi ń gbà jáde), ìyẹn nìkan sì lè mú kí ẹ̀rọ bárù 200 di bíi 150. Ká pààrọ̀ nọ́sù, ká fi asẹ́ sí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, ká yẹ òrùka rọ́bà gbogbo oríkèé họ́ọ̀sì wò, ká wá tẹ oníbàárà ọdún tó kọjá láago kí ẹlòmíràn tó tẹ̀ wọ́n.