Aṣojúdìbò ni wọ́n, kì í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama, bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ìlú wo ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń yan Ààrẹ Amẹ́ríkà wà?" Inú bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ọmọ náà. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ló bi mí. "Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìdìbò" ni ẹni náà pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Electoral College, kò sì ṣàlàyé kankan tó fi kọjá sórí ìròyìn eré bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó bá gbọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì nílẹ̀ yìí, yunifọ́ọ̀mù àti aago ìsinmi ni yóò wá sí i lọ́kàn. Kí ló tún kù tí ì bá rò?

Kò sí ilé kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí ìwé òfin tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ ní Philadelphia lọ́dún 1787, ẹ kà á láti òkè délẹ̀, ẹ ò ní rí kọ́lẹ́ẹ̀jì níbẹ̀. Ènìyàn ni ìwé náà dárúkọ: àwọn tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò yàn kí wọ́n lè dìbò yan Ààrẹ. Ẹnu àwọn ará ìlú ni orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti bẹ̀rẹ̀, ó di ọdún 1845 kó tó wọ òfin ìjọba àpapọ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn sì ni, àwọn tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ló ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá gbé e wọ Yorùbá báyẹn, ìró ló kó wá, ó fi ìtumọ̀ sílẹ̀ sọ́hùn-ún.

Àwọn mìíràn gbìyànjú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní "Ìgbìmọ̀ Afọbajẹ Amẹ́ríkà." Mo rí ibi tí wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì wò. Gbìmọ̀ ló bí ìgbìmọ̀: àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n forí korí, wọ́n jọ dámọ̀ràn. Àwọn tí à ń sọ yìí kì í forí korí rárá. Ìwé òfin ti là á sílẹ̀ pé kí oníkálukú dìbò ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, kí wọ́n kọ iye ìbò sílẹ̀, kí wọ́n lẹ ìwé náà pa, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí olú-ìlú, kí olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tú u lójú gbogbo aṣòfin. Àwọn ti Georgia kì í fojú kan àwọn ti New Hampshire. Ẹ̀rù rìkíṣí ló fà á. Bí gbogbo wọn bá kóra jọ síbì kan, ọba ilẹ̀ òkèèrè tàbí olówó kan lè tò wọ́n ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ tí òfin kò fún láyè láti gbìmọ̀, báwo ló ṣe ń jẹ́ ìgbìmọ̀?

Afọbajẹ tún burú jù. Oyè ni afọbajẹ ń jẹ, inú ilé tó ni oyè náà ló sì ti ń wá. Nígbà Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì kì í túká lẹ́yìn tí Aláàfin bá ti gorí ìtẹ́. Wọ́n ń bá a ṣèlú, Baṣọ̀run sì lè kojú rẹ̀ kó sọ fún un pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Ẹni tí à ń sọ yìí dìbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó parí.

Aṣojúdìbò ni mo ń pè é. Ara aṣojúṣòfin ni mo ti wò ó, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń gbọ́ ìròyìn ní Yorùbá. Ẹni tó ń ṣojú wa ṣòfin ni aṣojúṣòfin, ẹni tó ń ṣojú wa dìbò ni aṣojúdìbò. Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ń túmọ̀ èdè bá mi fà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní "adìbòyàn" kúrú ju aṣojúdìbò lọ, ó sì dùn lẹ́nu jù ú lọ. Mo ní gbogbo ẹni tó bá tò sórí ìlà lọ́jọ́ ìbò, adìbòyàn ni; níbo la ó ti wá mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyá tó tẹ̀ka àti ẹni tí ìyá náà rán níṣẹ́? Ó tún ní aṣojú kò jẹ́ ká mọ̀ bóyá ẹni náà ń lo làákàyè ara rẹ̀ ni, tàbí ó kàn ń jíṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti nífẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, nítorí ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ jà lé lórí nìyẹn.

Ẹ fi alárinà wò ó. Alárinà ayé àtijọ́ kì í ṣe ẹni tó ń gbé lẹ́tà. Yóò dọ́gbọ́n ṣe bí ẹni ń lọ ra epo, yóò dé ilé ọmọbìnrin náà, yóò wo ẹ̀yìnkùlé bóyá wọ́n gbá a, yóò bi aládùúgbò léèrè àrùn tó wà nínú ìdílé àti gbèsè tó wà lọ́rùn bàbá. Ohun tó bá rí ló máa wá sọ, òun náà ni ẹbí ọkọ yóò tẹ̀lé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ní Philadelphia. Nínú àwọn tó jókòó kọ ìwé òfin náà, James Wilson ti Pennsylvania ì bá fẹ́ kí ará ìlú yan Ààrẹ fúnra wọn. George Mason ti Virginia ní ìyẹn dà bí ìgbà tí èèyàn gbé àwọ̀ síwájú afọ́jú pé kó ṣà èyí tó dára. Ilẹ̀ fẹ̀, ìròyìn kì í yá, ta ni yóò mọ ìwà ọkùnrin tó ń gbé ní ìrìn ọ̀sẹ̀ méjì sí i? Lọ́dún 1789, àwọn aṣojúdìbò 69 dìbò, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbò méjì, gbogbo wọn ló sì fún George Washington ní ọ̀kan. John Adams ní 34.

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú dé. Títí ìbò ọdún 1796 fi máa dé, ará ìlú ti ń ka ìwé ìròyìn, ó ti mọ̀ bóyá Adams lòun fẹ́ tàbí Jefferson. Ojú ti rójú. Yorùbá ní bójú bá ti rójú, kí alárinà yẹ̀ba. Alárinà Amẹ́ríkà kò yẹ̀ba. Samuel Miles, tí àwọn ará Pennsylvania yàn lórúkọ ẹgbẹ́ Adams, lọ dìbò fún Jefferson. Ẹnì kan tó fìbò gbé Miles wọlé fi ìbínú kọ̀wé sí ìwé ìròyìn pé ṣé òun yan Miles kó lè bá òun ronú ni. Ó ní rárá o, kó lè ṣe ohun tí wọ́n rán an lòun ṣe yàn án.

Iye aṣojúdìbò tí ìpínlẹ̀ ní ni iye aṣojúṣòfin rẹ̀, pẹ̀lú sẹ́nétọ̀ méjì. Bóyá ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló yàn wọ́n ni o, tàbí ará ìlú, n kò fi ìyẹn da ẹnikẹ́ni láàmú. Èyí tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ka orí tí wọ́n fi pín aṣojúṣòfin fún ìpínlẹ̀: ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àwọn ẹrú ni wọ́n ń kà mọ́ àwọn olówó wọn. Nínú ìkànìyàn ọdún 1790, àwọn tí kì í ṣe ẹrú ní Virginia àti ní Pennsylvania fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹrú Virginia lé ní 290,000. Nígbà tí ìbò ọdún 1800 dé, aṣojúdìbò 21 ni Virginia ní, Pennsylvania ní 15. Ọmọ adúláwọ̀ tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò dìbò, orí rẹ̀ ni olówó rẹ̀ fi dìbò. Mẹ́rin nínú Ààrẹ márùn-ún àkọ́kọ́, Virginia ni wọ́n ti wá.

Ọdún 1800 yẹn náà ni ọgbọ́n Philadelphia já. Òfin kò jẹ́ kí aṣojúdìbò sọ pé ìbò yìí ti Ààrẹ ni, èyí ti igbákejì. Ẹni tó bá pọ̀ jù ni Ààrẹ, ẹni tó tẹ̀lé e ni igbákejì. Ẹgbẹ́ Adams rántí, wọ́n ní kí aṣojúdìbò kan ní Rhode Island fi ìbò rẹ̀ kejì fún John Jay, kí Adams lè fi ìbò kan ju ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe igbákejì rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Jefferson. Òun àti Aaron Burr tó fẹ́ fi ṣe igbákejì bá di ọgbọọgba. Ọ̀rọ̀ di ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, ìpínlẹ̀ kan, ìbò kan, mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìndínlógún ló sì gbọ́dọ̀ pé. Mẹ́jọ ni Jefferson ń rí. Joseph Nicholson ti Maryland, tí ibà dá gúnlẹ̀, ní kí wọ́n gbé òun gba inú yìnyín wá. Orí ìbùsùn nínú yàrá kan nílé aṣòfin ló ti ń kọ ìbò rẹ̀, nítorí àwọn aṣojúṣòfin Maryland pín sí méjì ọgbọọgba; bí kò bá wá, Burr ni yóò gba Maryland. Láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 17 oṣù Èrèlé ọdún 1801 ni wọ́n fi dìbò, ìgbà 36, kí Jefferson tó wọlé. Lọ́dún 1804 ni àtúnṣe kejìlá sí ìwé òfin ya ìbò Ààrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ti igbákejì.

Báyìí ni mo ṣe ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: ẹnì kan, aṣojúdìbò; ọ̀pọ̀, àwọn aṣojúdìbò; ohun tí wọ́n dì, ìbò aṣojúdìbò. Jefferson ní ìbò aṣojúdìbò 73, Burr ní 73, Adams ní 65.