Ibi tí adápítọ̀ mọ́nítọ̀ púpọ̀ ti ṣẹ̀ wá

Ní Òṣogbo, láti Òkè-Fìà dé Ìgbọ̀nà, ẹni tó ń ya káàdì ìgbéyàwó tàbí tó ń to ìwé ètò ìsìnkú kì í fẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ há sójú láptọ̀ọ̀pù kan. Á ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ méjì sí i, kí CorelDRAW, sọ́fíwià tó fi ń ya iṣẹ́, gba ọ̀kan, kí fọ́tò àti ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ránṣẹ́ gba èkejì. Ìgbà tó bá kan ihò tí wáyà yóò wọ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn adápítọ̀ tó ń so mọ́nítọ̀ mọ́ láptọ̀ọ̀pù jọra bí ìbejì lórí àtẹ, bẹ́ẹ̀ ìdílé wọn ò pa pọ̀ rárá.

Lílo mọ́nítọ̀ méjì ti pẹ́. Nígbà tí IBM gbé PC jáde ní 1981, káàdì àwòrán méjì ló wà fún un: MDA fún ọ̀rọ̀ aláwọ̀ kan, CGA fún àwòrán aláwọ̀ púpọ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé nínú mẹ́mórì kò dọ́gba, àdírẹ́sì B0000 ni ti MDA, B8000 ni ti CGA, nítorí náà wọ́n lè jọ wà nínú kọ̀ǹpútà kan láìjà. Ẹni tó ń lo Lotus 1-2-3, sọ́fíwià ìṣirò ayé ìgbà náà, lè gbé ìṣirò sójú kan, kó gbé gíráàfù sójú kejì. Macintosh II, kọ̀ǹpútà Apple ti 1987, ní ihò káàdì 6, Windows 98 sì gba mọ́nítọ̀ títí dé 9.

Ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ńlá ni gbogbo káàdì wọ̀nyí ń wọ̀. Láptọ̀ọ̀pù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ihò VGA, ìyẹn ihò wáyà mọ́nítọ̀ àtijọ́, kan péré ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Àìní yìí ló bí adápítọ̀ ìta.

Ìdílé kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 2005, nígbà tí Matrox, ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà, mú àpótí kékeré tó ń jẹ́ DualHead2Go jáde. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn mọ́ni. Àpótí náà á sọ fún láptọ̀ọ̀pù pé mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo ni òun, àmọ́ pé òun fẹ̀ gan-an: pixel (ẹyọ àmì tó ń para pọ̀ di àwòrán) 2048 × 768. Láptọ̀ọ̀pù á gbà, á ya àwòrán gbọọrọ, àpótí á wá là á sí méjì, 1024 × 768 lápá òsì, 1024 × 768 lápá ọ̀tún. Káàdì àwòrán láptọ̀ọ̀pù fúnra rẹ̀ ló ń ya gbogbo rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé Windows kò mọ̀ pé ojú méjì ni. Ẹ fẹ wíńdò kan, á tẹ́ dé orí méjèèjì. Wíńdò ìkìlọ̀ kékeré á yọ láàárín gbùngbùn, férémù mọ́nítọ̀ á sì gé e sí méjì. Matrox ní láti fi sọ́fíwià mìíràn tì í kí ó tó gbọ́ràn.

Ìdílé kejì ti Cambridge ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ní 2003, Quentin Stafford-Fraser àti Martin King dá Newnham Research sílẹ̀, èyí tó padà di DisplayLink. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbé àwòrán, kí wọ́n tó kọjú sí USB. Ní 2007 Samsung ti ń ta mọ́nítọ̀ 940UX tí ihò USB wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí inú ìṣirò yìí ni gbogbo àrùn adápítọ̀ USB wà. Ojú 1920 × 1080 ní pixel 2,073,600. Bíìtì (ẹyọ dátà tó kéré jù) 24 ni pixel kọ̀ọ̀kan ń jẹ, ìgbà 60 ni a sì ń yà á láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ń lọ sí bílíọ̀nù mẹ́ta bíìtì. USB 2.0 kò lè gbé ju mílíọ̀nù 480 lọ: ẹrù náà ju agbára rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Ohun tí DisplayLink wá ń ṣe ni pé driver rẹ̀, sọ́fíwià tó ń darí adápítọ̀, á máa wo ibi tó yí padà lójú àwòrán, á fún ìyẹn nìkan pọ̀, á fi ránṣẹ́. Ṣíìpù inú adápítọ̀ á tú u, á fi kún àwòrán tó ti wà nínú mẹ́mórì tirẹ̀. Ìdí nìyí tí lẹ́tà fi ń mọ́ kedere tí fídíò sì ń fà, torí gbogbo ojú fídíò ló ń yí padà. CPU, ọpọlọ láptọ̀ọ̀pù, ló ń ṣe ìfúnpọ̀ yẹn. Láptọ̀ọ̀pù tí agbára rẹ̀ kéré á gbóná, fáànù á máa hó. USB 3.0, tó jáde ní 2008 pẹ̀lú bílíọ̀nù 5, ló mú ara tu irú adápítọ̀ yìí.

Ìdílé kẹta ni USB-C, tó gba DisplayPort, ọ̀nà ìgbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀, láyè láti gba inú rẹ̀ kọjá ní 2014. CPU kò ní ìfúnpọ̀ kankan láti ṣe, káàdì àwòrán fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ní i. Òmíràn wà fún gbígba iná àti dátà nìkan. Ẹ wá àmì DP tàbí mànàmáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, tàbí kí ẹ wo ìwé láptọ̀ọ̀pù yín kí ẹ tó sanwó. MacBook Air M1, láptọ̀ọ̀pù Apple ti 2020, kò gbà ju mọ́nítọ̀ ìta kan lọ. DisplayLink ló ń bá àwọn tó ní i gbé èkejì.

Tó bá jẹ́ ti USB lẹ rà, ẹ kọ́kọ́ fi driver sí i, kí ẹ tó ki adápítọ̀ bọ ihò USB 3.0, èyí tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Windows 10 àti 11 lè wá driver fúnra wọn bí dátà bá wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti P pọ̀, ẹ mú Extend, kí ojú kejì lè gba wíńdò tirẹ̀. Bí ojú bá ń ṣẹ́jú, ẹ yọ adápítọ̀ kúrò lára hub (àpótí tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) tí kò ní iná tirẹ̀: 900 mA ni ihò USB 3.0 ń fúnni, bí ẹ bá sì so hard disk mọ́ ọn, kò ní kárí.

HDMI splitter, èyí tó ń pín ihò HDMI kan sí méjì, ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Ẹ̀dà àwòrán kan náà ni yóò gbé sójú méjèèjì, torí ohun kan ṣoṣo ló ń ti ara láptọ̀ọ̀pù jáde. Kò sí driver tó lè tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà tó ní orí HDMI àti orí VGA láìní ṣíìpù nínú: dígítà ni HDMI, VGA kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ojú dúdú lásán lẹ ó rí. Èyí tó ní ṣíìpù pàápàá, ọ̀nà kan ló ń gbà. HDMI sí VGA kò lè di VGA sí HDMI.

Bí iná bá lọ, láptọ̀ọ̀pù á dúró lórí bátìrì, mọ́nítọ̀ á kú, gbogbo wíńdò á sì rọ́ padà sójú láptọ̀ọ̀pù, pàápàá bó bá jẹ́ DisplayPort. Ẹ so mọ́nítọ̀ àti adápítọ̀ mọ́ inverter kan náà, kí wọ́n jọ wà lórí iná títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dìde.