Òórùn inú kóòdù, àti VAT tó fara pamọ́ sínú 21

Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó gbé VAT, ìyẹn owó orí tí à ń san lórí ọjà, kúrò ní 5 nínú 100 lọ sí 7.5. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ni òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ 19 péré ló wà láàárín. Nígbà yẹn, ọ́fíìsì kékeré kan ní Utako, nílùú Àbújá, ni mo ti ń kọ kóòdù (àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé), áàpù tó ń tẹ rìsíìtì fún àwọn oníṣòwò la sì fi ń jẹun. Ọ̀gá wa yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ bá mi yí 5 yẹn sí 7.5. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá 0.05, ìyẹn 5 nínú 100, káàkiri gbogbo fáìlì, ó sì rí i níbi 17. Mo ti fẹ́ yí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí àbúrò tó jókòó tì mí dá mi dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Mẹ́ta nínú ẹ̀ kì í ṣe VAT o. Ẹ̀dínwó tí à ń fún àwọn tó bá ra ọjà púpọ̀ ni."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀dínwó jẹ́ 5 nínú 100, VAT náà jẹ́ 5 nínú 100, kò sì sí èyí tí a fún lórúkọ nínú àwọn méjèèjì. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ yẹn, à bá ti máa fi owó àwọn oníbàárà wa ṣe sàráà láìsọ fún wọn.

A yọ mẹ́ta yẹn sọ́tọ̀, a yí 14 tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn la rí 1.05, ìyẹn owó ọjà pẹ̀lú VAT rẹ̀, ní ibòmíì. Lẹ́yìn 1.05 la rí 5/100, tí ẹnì kan kọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ iléèwé ṣe ń kọ ìṣirò. A yí gbogbo wọn. Ọjọ́ náà pé, Sátidé ló bọ́ sí, a sì fọkàn balẹ̀ sùn.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá kan tó ń ta páànù ní ọjà Dei-Dei pè wá. Ọjà ₦100,000 ló tà, oníbàárà san ₦107,500, ṣùgbọ́n ohun tí rìsíìtì pè ní VAT jẹ́ ₦5,119.05. Inú màmá ò dùn rárá. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ló ń san kọ́bọ̀ márùn-ún ní Àbújá?"

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la fi wá a kí a tó rí i. Ibì kan wà tí kóòdù ti máa ń yọ VAT jáde láti inú àpapọ̀ owó tí oníbàárà san. Ẹni tó kọ ibẹ̀ mọ ìṣirò: bí VAT bá jẹ́ 5 lórí 100, a jẹ́ pé ìdá kan nínú 21 àpapọ̀ owó ni VAT. Ẹ pín ₦105,000 sí ọ̀nà 21, ẹ ó rí ₦5,000 géérégé. Ló bá kọ `apapo / 21`, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí 5 níbẹ̀, kò sí VAT níbẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ àlàyé kan ṣoṣo. Kí ni èèyàn fẹ́ wá tó fi máa rí i? ₦107,500 tí a pín sí ọ̀nà 21 ló bí kọ́bọ̀ márùn-ún tí màmá ń bínú sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹni tó kọ ọ́. Láti 1994 tí VAT ti bẹ̀rẹ̀ ni a ti mọ̀ ọ́n sí 5. Ìjọba Ọbásanjọ́ gbé e dé 10 ní 2007, kíá ni wọ́n dá a padà. Ta ni yóò rò pé nọ́ńbà yẹn máa yí? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ìlà yẹn títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kìíní 2020, kò ṣi owó ẹnikẹ́ni kà rí, kọ́bọ̀ kan ò sì sọnù. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé ó ní àṣìṣe, màá ní kò ní. Síbẹ̀ nǹkan kan ń ṣe é, nǹkan yẹn gan-an sì ni àwa tí à ń kọ kóòdù ń pè ní code smell, ìyẹn òórùn inú kóòdù. Kent Beck, tí òun náà ń kọ kóòdù, ló fún un lórúkọ yẹn, akẹgbẹ́ rẹ̀ Martin Fowler ló sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní 1999.

Orúkọ náà bá a mu. Ẹni tó bá ń dáná mọ̀ pé ọbẹ̀ kì í ṣàdédé kan. Bí ẹ bá ṣí ìdérí ìkòkò láàárọ̀, imú yín á ti sọ fún yín kí ẹ tó fi ahọ́n kàn án. Ọbẹ̀ náà lè ṣì ṣe é jẹ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe lọ́la yóò sunkún.

Ṣùgbọ́n irú tí à ń fi sọ́bẹ̀ náà ń rùn. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń tà á kọjá ní ọjà Wúsè, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní dawadawa, ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti débẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ta ló ń dà á nù? Ohun tí òórùn ń sọ ni pé kí èèyàn ṣí ìkòkò wò. Mo ti rí fọ́ńṣọ̀n, ìyẹn abala kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan, tó gùn bí ọ̀nà Kàdúná tí kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀: orúkọ ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá ló kàn tò sílẹ̀. Irú nìyẹn. Ẹni tó bá gé e sí ọ̀nà mẹ́wàá nítorí pé wọ́n ní fọ́ńṣọ̀n kì í gùn, iṣẹ́ ló fún ara rẹ̀.

Ìbéèrè tó wà lẹ́yìn gbogbo òórùn ni pé: ṣé kóòdù yìí ṣe é tọ́jú? Ìyẹn ni pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́, ṣé ó lè kà á kó yé e, kó rí ibi tó yẹ kó yí, kó yí i, kó sì dá a lójú pé òun ò ba ibòmíì jẹ́? Tiwa kùnà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nọ́ńbà tí kò lórúkọ ni ẹ ti rí yẹn. Ohun kan náà tí wọ́n kọ síbi púpọ̀, ẹ ti rí ìyẹn náà. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti orúkọ. Àwa mẹ́ta la kọ áàpù yẹn ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ará Kàdúná kan pe owó ní `kudi`, èmi pè é ní `owo`, ẹnì kẹta pè é ní `amount`. Àbújá nìyẹn, ẹ máà bínú. Mi ò rí ohun tó burú nínú kí kóòdù sọ Haúsá tàbí Yorùbá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé `kudi` ní VAT nínú, `owo` kò ní, `amount` sì ní in nínú fáìlì kan, kò ní in nínú èkejì. Orúkọ mẹ́ta fún ohun kan, tàbí orúkọ kan fún ohun méjì: bí ẹ bá rí èyíkéyìí, ẹ ti rí ibi tí àṣìṣe tó ń bọ̀ yóò gbà wọlé.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni kóòdù tó ní oríta púpọ̀ jù. Thomas McCabe ti kọ́ wa bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n láti 1976: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1, kí ẹ fi 1 kún un fún gbogbo `if`, gbogbo `for`, gbogbo ibi tí ọ̀nà ti lè yà. Bí fọ́ńṣọ̀n kan bá kọjá 10, ó ní kí a tún un wò. Èyí tó ń tẹ rìsíìtì tiwa jẹ́ 38. Ẹni tó bá fẹ́ dán gbogbo ọ̀nà inú rẹ̀ wò, ó dìgbà. Àwọn òórùn kékeré míì tún wà: ọ̀rọ̀ àlàyé tó ń parọ́, kóòdù tí kò wúlò mọ́ tí ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn láti pa rẹ́, àtúnṣe kékeré kan tí á ní kí ẹ ṣí fáìlì mẹ́sàn-án.

Irinṣẹ́ tó ń bá ni gbóòórùn ti pẹ́ láyé. Ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ní 1978, Stephen Johnson kọ ọ̀kan tó pè ní lint, orúkọ òwú kéékèèké tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni à ń lò lónìí: Pylint, ESLint, SonarQube àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dára. Wọ́n á rí 21 tí kò lórúkọ, wọ́n á rí ìlà tí wọ́n dà kọ, wọ́n á ka oríta. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ fún yín pé VAT ni 21 yẹn, tàbí pé `kudi` àti `owo` kì í ṣe ìbejì.

Nítorí náà, ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ wò ni ìtàn kóòdù náà. Nínú git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn yẹn, ìlà kan yìí á fi àwọn fáìlì tí wọ́n ti yí jù hàn yín:

`git log --format= --name-only | sort | uniq -c | sort -rn | head`

Fáìlì tó bá wà lókè níbẹ̀, tó sì ní oríta púpọ̀, òun ni ká tètè gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀nà kejì kò ná wa ní kọ́bọ̀: ẹ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní iṣẹ́ kékeré kan, ẹ dákẹ́, kí ẹ máa ka iye ìgbà tó sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, kí nìyí?"

Bí a ṣe wá tún un ṣe ńkọ́? Àtúntò la ṣe, ìyẹn ni pé a yí ìrísí kóòdù láìyí ohun tó ń ṣe. Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a kó 20 rìsíìtì tí a ti tẹ̀ rí, tí a mọ̀ pé owó wọn pé, a sì sọ wọ́n di ìdánwò. Ẹlẹ́rìí wa nìyẹn. Bí a bá ti yí ìlà kan, a ó ní kí kọ̀ǹpútà tẹ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kọ́bọ̀ kan bá yàtọ̀, a ó dá ìlà yẹn padà.

Ibẹ̀ la ti rí ohun tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo ti fẹ́ kọ 0.075 síbì kan ṣoṣo kí n fún un lórúkọ, kó parí. Àbúrò yẹn náà ló tún sọ̀rọ̀: bí oníbàárà bá ní ká tún rìsíìtì oṣù Kìíní tẹ̀ fún òun ní oṣù Kẹta ńkọ́? 5 ló gbọ́dọ̀ gbé jáde. A jẹ́ pé nọ́ńbà náà ní ọjọ́ orí. Ohun tí a kọ nìyí:

```
def iye_vat(ojo):
    if ojo < date(2020, 2, 1):
        return Decimal("0.05")
    return Decimal("0.075")

def vat_inu_apapo(apapo, ojo):
    iye = iye_vat(ojo)
    return apapo * iye / (1 + iye)
```

Ẹ fi ₦107,500 ti màmá Dei-Dei sí i, ₦7,500 ni yóò já sí. Ẹ fi ₦105,000 ti ọdún 2019 sí i, ₦5,000 ni. Bí ìjọba bá tún yí i, ìlà méjì la ó fi kún un.

Mo ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún. Bí mo ṣe ń tún VAT ṣe, mo rí i pé àkọlé rìsíìtì ò dọ́gba, mo bá fi ọwọ́ kan náà tún un ṣe. Ìdánwò kùnà, mi ò sì mọ èwo nínú méjèèjì ló fà á. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, mo sì ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì gbáko ló gbà.

A ò tún gbogbo rẹ̀ ṣe ṣá. Ward Cunningham, òun náà ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù, fi irú kóòdù báyìí wé gbèsè ní 1992, ó sì yé mi: ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan níbẹ̀ ni ẹ ń san èlé orí rẹ̀. Fáìlì tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, èlé wo ló ń gbà lọ́wọ́ yín? Fáìlì kan ṣì wà tó ń ṣe ìṣirò owó ọdún 2017 fún àwọn tó bá fẹ́ wò ó, `apapo / 21` sì wà nínú rẹ̀ títí di òní. A fi sílẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo la fi kún un, lókè rẹ̀ gan-an: VAT ìgbà 5 nìyí, ẹ má yí i.