Ìgbín òkun kan ṣoṣo kò lè bímọ

"Ẹ ra ọ̀kan péré, ó ti tó. Ìgbín kì í wá ọkọ, kì í wá ìyàwó."

Màmá Ìbejì ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbé àpótí dígí olómi iyọ̀ sí pálọ̀ wa ní Òkè-Fìà. Ọjà Ìgbọ̀nà ni wọ́n ti ń ta ìgbín, wọ́n sì ti ń tà á kí n tó fẹ́yàwó rárá. Bí irú wọn bá sọ̀rọ̀ nípa ìgbín, ta ni yóò bá wọn jiyàn? Ọkùnrin tí mo ra ìgbín òkun lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ékòó náà sọ ohun kan náà fún mi lórí fóònù: takọtabo ni gbogbo ìgbín. Mo bá ra Trochus kan, ìgbín òkun tí ìkarahun rẹ̀ rí ṣóńṣó bí òrùlé abà. Ó jẹun, ó tóbi, ó há dígí mọ́ tónítóní. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kọjá, ọmọ kan ò yọ.

Títí di òní, bí mo bá fi àpótí yẹn han ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo níbí, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n máa ń tún sọ fún mi. Ó dùn mí, nítorí àwọn tó fẹ́ràn ohun abẹ̀mí gan-an ló ń sọ ọ́, owó àti àkókò wọn ló sì ń bá a lọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbín òkun tí a ń kó sínú àpótí iyùn, ìyẹn àpótí dígí olómi iyọ̀ tí a ń sin iyùn abẹ̀mí inú òkun sí, akọ wọn wà lọ́tọ̀, abo wọn wà lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Trochus rí, bẹ́ẹ̀ ni Turbo, Astraea, Cerith, Nassarius àti Nerite. Bí ẹ bá ní ẹyọ kan nínú wọn, kò sí bí yóò ṣe sọ ara rẹ̀ di méjì.

Ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá kò ṣòro láti rí. Inú igbó ni àwa ti mọ ìgbín. Ìgbín ilẹ̀ tí à ń sìn sẹ́yìnkùlé, tí à ń fi òróró dín, akọ àti abo wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: èyí kò sọ pé ó ń dá bímọ. Méjì ní láti pàdé, kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ọ̀kan gba àtọ̀ lára èkejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n ó tó lọ gbẹ́ ilẹ̀ yé ẹyin sí. Ohun tó ń tan àwọn tó ń ta ìgbín jẹ ni pé ìgbín lè tọ́jú àtọ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tí wọ́n ṣà nínú igbó ní òru àná lè ti bá òmíràn pàdé láti ìgbà òjò tó kọjá. Ẹ̀yin á fi òun nìkan sínú agbọ̀n, á yé ẹyin, ẹ̀yin á sì ní òun nìkan ló dá a ṣe. Ohun tí Màmá Ìbejì fi ojú ara wọn rí nìyẹn, kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa.

Àwọn kan tiẹ̀ wà tó ń dá bímọ lóòótọ́. Nínú àwọn ìṣáwùrú inú odò àti adágún, irú tí wọ́n ń pè ní Bulinus, tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá kiri, lè fi àtọ̀ ara rẹ̀ sọ ẹyin ara rẹ̀ di ọmọ. Ọ̀kan péré lè kún adágún. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn rí yóò gbà pé bí gbogbo ìgbín ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Bulinus àti ìgbín ilẹ̀, ìdílé kan náà ni wọ́n, ìdílé àwọn tó ń fi ẹ̀dọ̀fóró mí, takọtabo sì ni ìdílé náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìgbín òkun, ẹ̀yà ara bíi ti ẹja ni wọ́n fi ń mí nínú omi. Ìdílé wọn ti yapa tipẹ́tipẹ́, tiwọn ni pé kí akọ dá wà, kí abo dá wà.

Ẹ̀gbọ́n kan sọ fún mi nígbà kan pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ìgbín òkun, pé iyọ̀ ló ń pa ìgbín, ta ni kò mọ̀? Iyọ̀ ń pa ìgbín ilẹ̀ nítorí pé ó ń fa omi ara rẹ̀ jáde títí á fi gbẹ. Ti òkun kò rí bẹ́ẹ̀: bí omi ara rẹ̀ ṣe níyọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni òkun tó yí i ká ṣe níyọ̀ tó, nǹkan bí gíráàmù 35 nínú lítà kan. Kò sí ohun tó ń fa omi jáde lára rẹ̀. Inú omi tí kò níyọ̀ gan-an ni òun máa kú sí.

Ìgbín òkun kan wà tí kò sí ilé àgbà ní Òṣogbo tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, àní bí wọn kò bá tiẹ̀ mọ̀ pé ìgbín ni. Owó ẹyọ ni. Ikarahun tí àwọn olórìṣà Ọ̀ṣun fi ń dá ẹ̀rìndínlógún, tí a ń rí lára aṣọ àti lára igbá ní ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun, ilé ẹ̀dá kan tó ti rìn, tó ti jẹun, tó ti bímọ ni. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí àwọn baba ńlá wa ná ní ọjà, láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni ó ti wá. Ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Yúróòpù kí wọ́n tó tún gbé e dé etíkun wa. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò tún ń kó irú rẹ̀ mìíràn wá láti Zanzibar. A ka owó yẹn lẹ́gbàá, a dì í sínú àpò, a kò bi í léèrè bí ó ṣe ń bí.

Akọ àti abo rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bí abo bá yé, kì í sá fi ẹyin sílẹ̀ lọ. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fẹ̀ bo wọn mọ́lẹ̀ bí adìyẹ tó sàba, á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ títí ọmọ á fi là. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán èyí, mo dìde lọ sí yàrá ìyá mi, mo mú owó ẹyọ mẹ́ta tó wà nínú àwo wọn, mo sì wò wọ́n pẹ́. Síbẹ̀, gbogbo ìsàba yẹn kò sọ pé ọmọ náà á dàgbà nínú àpótí dígí. Bí ó bá ti là báyìí, kì í rìn. Ńṣe ló máa ń léfòó lọ sínú agbami fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó rí ibi jókòó sí.

Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ kejì ti yọ, ọmọ ìyá ti àkọ́kọ́: pé bí ẹ bá ti rí ẹyin lára dígí, ọmọ ti dé nìyẹn. Ìgbín ilẹ̀ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Inú èèpo ẹyin ni ọmọ rẹ̀ ti ń parí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á jáde tòun ti ìkarahun lẹ́yìn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ewé. Nerite lè fi ẹyin funfun wínníwínní bo òkúta yín bí ìgbà tí ènìyàn wọ́n yánmọtí síbẹ̀, Nassarius náà lè to tirẹ̀ sára dígí bí àpò kéékèèké tó mọ́ gaara. Wọ́n á là. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde nínú wọn kò tíì jọ ìgbín: ó ní ìyẹ́ méjì onírun tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì nílò kí ó máa jẹ àwọn ewédò tí ojú kò lè rí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nínú àpótí wa, póńpù á fà á, iyùn á gbé e mì, ebi á pa ìyókù. Ẹnì kan kí mi kú oríire lórí ẹyin Nerite mi lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́dún kan ṣoṣo. Kò sí ọ̀kan tó yè.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rí ọmọ, kó yan irú tí ọmọ rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ìrìn àjò. Àwọn kéékèèké tí wọ́n ń pè ní dove snail dára. Ọmọ wọn máa ń rìn jáde tààrà láti inú àpò ẹyin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ àti abo ṣì ní láti wà. Stomatella náà ń pọ̀ sí i nínú àpótí. Ṣùgbọ́n Trochus ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ọmọ rẹ̀ kì í jẹun nígbà tó ń lúwẹ̀ẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ ti wà nínú ẹyin tó bá a wá, láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ó ti ń wá òkúta tó máa jókòó lé. Nítorí èyí náà ló fi ṣeé ṣe fún àwọn ará Palau àti àwọn erékùṣù mìíràn ní òkun Pàsífíìkì láti máa sin ọmọ irú Trochus ńlá kan, èyí tí wọ́n ń fi ìkarahun rẹ̀ gbẹ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù, kí wọ́n sì kó wọn padà sórí iyùn inú òkun.

Mélòó ni kí ẹ wá rà? Ikarahun Trochus kò sọ fún ènìyàn èwo ni akọ, kò sì sí ohun mìíràn lóde ara rẹ̀ tí ẹ lè fi mọ̀ ọ́n. Bí a bá gbà pé akọ àti abo pọ̀ bákan náà, ẹni tó ra méjì, ìgbà kan nínú méjì ni yóò bá méjèèjì ní akọ tàbí ní abo. Ẹni tó ra mẹ́ta, ìgbà kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó ra mẹ́fà, ìgbà kan péré nínú 32 ni gbogbo wọn á jẹ́ bákan náà. Mẹ́fà ni mo rà. Àpótí mi gba lítà 200, bí tiyín bá kéré sí i, ẹ dín in kù, nítorí ewédò tó ń hù lára dígí ni wọ́n ń jẹ, bí kò bá tó wọn, ebi á pa wọ́n kú kí wọ́n tó ronú ọmọ.

Nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn èyí, ní òru kan, mo rí ohun tí mi ò lè gbàgbé. Ọ̀kan nínú wọn gun orí òkúta tó ga jù lọ, ó na ara rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú èéfín funfun jáde nínú omi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń mu sìgá. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń kú ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, òmíràn gun dígí, òun náà tú tirẹ̀. Akọ ni àwọn yẹn. Nígbà náà ni ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ sí tú wóró wínníwínní jáde, abo nìyẹn. Wọn kò fara kanra rárá. Inú omi ni àtọ̀ àti ẹyin ti pàdé. Ó yé mi lálẹ́ ọjọ́ náà ìdí tí èyí àkọ́kọ́ fi jókòó ọdún kan àti oṣù mẹ́rin lásán: bó bá tilẹ̀ tú tirẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó máa dá a lóhùn. Mo pa ẹ̀rọ tó ń yọ ìfófòó, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di ẹnu póńpù, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù jẹ́ ti ìlú wa níbí. Èkó tó nǹkan bí 200 kìlómítà sí wa, kò sí ẹni tó lè máa lọ pọn omi òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe é. Nínú omi òkun, calcium nìkan tó nǹkan bí mílígíráàmù 400 nínú lítà kan, ìyẹn ni ìgbín fi ń kọ́ ilé rẹ̀, kò sì sí i nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n pò fún àpótí iyùn ni kí ẹ rà. Nígbà ọyẹ́, omi á máa gbẹ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi dí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iyọ̀ á le jù fún wọn. Bí ẹja yín bá ń ṣàìsàn, ẹ ka ara ìgò oògùn kí ẹ tó dà á síbẹ̀. Èyí tó bá ní bàbà nínú ń pa ìgbín láìku ẹyọ kan. Ní ti iná, mo ra bátìrì kan fún póńpù nìkan.

Bí ẹ bá sì rí ìgbín wínníwínní púpọ̀ lára dígí láìjẹ́ pé ẹ rí èéfín kankan, ẹ má tíì pe ẹbí. Ó lè jẹ́ Collonista, irú ìgbín òkun kékeré kan tó máa ń bá òkúta wọlé, tí kì í sì tóbi ju wóró àgbàdo lọ títí ayé rẹ̀. Mo gbà á sí ọmọ Trochus fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Tèmi gan-an yọ lẹ́yìn oṣù méjì ó lé, wọ́n rí bí wóró ìrẹsì tí wọ́n gé sí méjì, ṣóńṣó orí wọn ti hàn. Mo ní kí Màmá Ìbejì wá wò wọ́n lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ka mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé iná lọ sára àwọn àgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá Ìkẹ́, èwo wá ni bàbá wọn níbẹ̀?"

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n báyìí, Màmá. Àfi bí wọ́n bá tún gun òkè tú èéfín."

Wọ́n ní kí n pa iná pálọ̀, wọ́n fa àga mọ́ra, wọ́n sì jókòó síwájú dígí.