Kí ni “EC785” tí wọ́n ń béèrè lórí ìwé ìdójútòfò dúróònù?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, ya fídíò òde ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ọ̀la ni ìgbéyàwó tó fẹ́ lọ yà, alábòójútó gbọ̀ngàn sì ti dá ìwé ìdójútòfò rẹ̀ padà. Ìwé náà kì í ṣe ayédèrú o. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó sanwó rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: “Ṣé EC785 ni?” Kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó ka ojú ewé tí wọ́n kọ àwọn nǹkan tí ìwé náà kò bò sí fún mi. Ó kà á dé ìlà kẹrin, ó dákẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé àwọn kò ní san kọ́bọ̀ lórí jàǹbá tí ọkọ̀ òfúrufú bá fà.

Lójú òfin Ìlú Ọba, dúróònù tó wà nínú báàgì rẹ, ọkọ̀ òfúrufú ni. Ìdójútòfò tí oníṣòwò máa ń rà nítorí kí oníbàárà má baà yọ̀ ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí kí ọ̀pá iná má baà wó lu ọmọ ọlọ́mọ níbi tó ti ń ya fọ́tò, kì í sábà bo ohun tó ń fò.

EC785 kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Nọ́ńbà òfin ni, EC785/2004 lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ṣe é ní oṣù kẹrin ọdún 2004, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2005. Nígbà tí Ìlú Ọba kẹ́rù kúrò nínú àjọ náà, wọ́n gbé òfin yìí sínú òfin tiwọn. Bàálù ńlá ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà, àwọn adójútòfò sọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù pé àwọn kò ní lè máa ru ẹrù ogun àti ìpániláyà bí àwọn ṣe ń rù ú tẹ́lẹ̀. Àwọn ìjọba ní láti ṣe onídùúró kí bàálù má baà dúró sórí ilẹ̀ kalẹ̀. Òfin náà wá sọ ọ́ di dandan pé ìdójútòfò ọkọ̀ òfúrufú gbọ́dọ̀ bo ogun, ìpániláyà, ìjágbà, ìbàjẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe àti rògbòdìyàn ìlú.

Bí ọ̀rọ̀ ìjágbà bàálù ṣe dé orí dúróònù tí kò wúwo tó ife tíì nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, èèyàn lè fi ẹ̀rọ gba ìdarí dúróònù mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú òfúrufú, kó sì fi kọlu ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ìwé tí kò mẹ́nu ba ogun àti ìjágbà kò fi tẹ́ òfin yìí lọ́rùn, bó ti wù kí owó tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ tó.

Ẹni tó bá ti wa mọ́tò rí ní Nàìjíríà ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Tẹ́ẹ̀dì páàtì ni. Ìwé yẹn kò bá ọ tún mọ́tò tìrẹ ṣe, ẹni tí o kọlù ló wà fún. Bákan náà, bí dúróònù rẹ bá já sódò Thames, òfin kò bá ọ kẹ́dùn. Ohun tó kàn án ni orí ẹni tó já lù, òrùlé mọ́tò tó là, gíláàsì ilé tó fọ́. Ìdójútòfò fún dúróònù fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bó bá wù ọ́, o rà á. Bí kò wù ọ́, o fi í sílẹ̀.

Iye owó tó ń fẹ́ ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú, nítorí wọn kò kọ ọ́ ní pọ́n-ùn. Òfin ní gbogbo ọkọ̀ òfúrufú tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kílógíráàmù 500 gbọ́dọ̀ ní ìdójútòfò tí kò dín ní 750,000 SDR fún jàǹbá kọ̀ọ̀kan. SDR jẹ́ owó ìṣirò tí IMF, àjọ tó ń mójú tó owó lágbàáyé, dá sílẹ̀ ní 1969. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ná ọjà. Iye dọ́là, yúrò, yuan, yen àti pọ́n-ùn ni wọ́n pò pọ̀ láti mọ iye tó jẹ́, nítorí náà ó ń yí padà lójoojúmọ́. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, 750,000 SDR kò jìnnà sí £800,000. Ohun tó mú kí àwọn tó ń tà á máa bẹ̀rẹ̀ láti £1,000,000 nìyẹn, kí pàṣípààrọ̀ owó má baà fà á wálẹ̀ kọjá ààlà. Bí wọ́n bá nawọ́ ìwé £500,000 sí ọ, kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúróònù rẹ kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ.

Ta ló wá di dandan fún? Bí dúróònù rẹ kò bá tó kílógíráàmù 20, tó sì jẹ́ pé eré lásán lo fi ń ṣe, o lè rà á tàbí kí o má rà á. Bó bá ti kúrò ní eré, ó ti di dandan. Àjọ CAA tó ń mójú tó òfúrufú níbẹ̀ ka fọ́tò tàbí fídíò tí wọ́n sanwó fún, wíwọn ilẹ̀ àti iṣẹ́ oko mọ́ ọn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, òfin fífò kò bi ọ́ mọ́ bóyá owó lo fẹ́ gbà. Ìwọ̀n dúróònù rẹ, ibi tí o ti ń fò ó àti bí o ṣe sún mọ́ èèyàn tó ni wọ́n ń béèrè. Àwọn èèyàn gbọ́ ìyẹn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òwò ti tán. Nínú òfin fífò ló ti tán. Òfin ìdójútòfò ṣì ń bi ọ́. DJI Mini tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 249 ń jẹ àwọn ìgbádùn kan nínú òfin fífò nítorí pé ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá fi gbowó, ìwé tí ẹni tó ní ńlá ń wá ni ìwọ náà máa wá.

Àwa Yorùbá sì ní ọgbọ́n tiwa. “N kò bá wọn dá iye kankan, ìyá ìyàwó ló kàn fún mi lówó epo mọ́tò.” Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Bí o bá lọ síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́, ra ìwé. Èmi kò ní fi ilé mi ta tẹ́tẹ́ lórí bí adájọ́ ṣe máa túmọ̀ owó epo.

Mo sọ̀rọ̀ ilé nítorí òfin mìíràn tí kì í sí lẹ́nu àwọn tó ń ta dúróònù. Ìpín 76 nínú òfin ọkọ̀ òfúrufú ti ọdún 1982 ní bí ọkọ̀ òfúrufú bá já lu èèyàn tàbí ohun ìní rẹ̀, ẹni náà lè gba owó gbà-má-bínú láìjẹ́ pé ó fi ẹ̀rí hàn pé o ṣe àìbìkítà. O lè sọ pé ẹyẹ ló kọlù ú. O lè sọ pé bátìrì ló kú lójijì. Kò pọn dandan kí onímọ́tò jiyàn rẹ̀ pẹ̀lú rẹ. Àyàfi bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fa jàǹbá náà, ọ̀dọ̀ rẹ ni gbèsè yóò ti jáde.

Ìwé lè pé kí fífò fúnra rẹ̀ má bófin mu, adójútòfò sì ń wá irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Bí o bá fò kọjá mítà 120 láìgba àṣẹ, tàbí o gbé dúróònù sórí èrò tó pé jọ lábẹ́ àtíbàbà nítorí pé o fẹ́ ya bí ìyàwó ṣe ń jó wọlé, àdéhùn ìwé rẹ lè fún wọn láyè láti kọ̀. Wo orúkọ awakọ̀ tó wà lórí ìwé náà. Wo nọ́ńbà dúróònù tí wọ́n kọ sí i, nítorí èyí tí o yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ lè má sí níbẹ̀. Bí o bá sì gba ọmọ kan síṣẹ́ láti máa bá ọ ṣọ́ òkè, òfin 1969 lórí ìdójútòfò àwọn òṣìṣẹ́ lè mú ọ, £5,000,000 ni ìyẹn kò gbọdọ̀ dín sí.

Ẹ má fi fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà lórí YouTube kọ́ èyí. Òfin tiwọn tí wọ́n ń pè ní Part 107 kò sọ ìdójútòfò di dandan, oníbàárà ló máa ń béèrè rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé dúróònù lọ síbi ìsìnkú bàbá nílé, kó ka ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ dé sí. Ní Nàìjíríà, ó ṣì máa gba ìwé lọ́wọ́ ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ààbò orílẹ̀-èdè, kó tó lè gbé e wọlé, àjọ NCAA tó ń mójú tó òfúrufú sì wà níbẹ̀ fún àṣẹ fífò.

Ọ̀rẹ́ mi ra ìdójútòfò ọjọ́ kan lórí fóònù ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Alábòójútó gbọ̀ngàn kà á láàárọ̀, ó rí EC785, ó ní kó máa wọlé. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Dúróònù kò jáde nínú báàgì.