Gbígbé ẹ̀rọ ìfọṣọ onílẹ̀kùn iwájú kalẹ̀ nílé

Ẹ̀rọ ìfọṣọ onílẹ̀kùn iwájú ni èyí tí a ń ti iwájú ki aṣọ bọ̀, tí àgbá inú rẹ̀ dùbúlẹ̀, tí ó sì ń yí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Gbígbé e kalẹ̀ kọjá kí a kàn fi iná sí i. Ó kan yíyọ bóòtù ìrìnàjò tí wọ́n fi de àgbá rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, yíyan ilẹ̀ tó le, mímú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, síso rọ́bà omi, àti iná tó ní áàtì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ní Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 1976, ilé ló sábà máa ń fa wàhálà ju ẹ̀rọ lọ: ilẹ̀ bálùwẹ̀ tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tánkì tí kò ga tó, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wáyà áàtì rẹ̀ kò dé ibì kankan. Bí ẹ̀rọ tuntun bá ń fò káàkiri ilé, kí a tó pe ẹni tó tà á, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bóòtù ẹ̀yìn rẹ̀ àti ilẹ̀ tó dúró lé.

Bí inú rẹ̀ ṣe rí

Àgbá méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Èyí tí a ń kó aṣọ sí jẹ́ irin tó ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri ara. Èyí tó yí i ká ló ń gba omi dúró. Sípíríǹgì ni wọ́n fi so méjèèjì rọ̀ láti òkè, sọ́ọ̀kì bíi ti ọkọ̀ ló sì gbà wọ́n mọ́ra nísàlẹ̀. Kí ó má baà máa ta gìrì nígbà tó bá ń fún aṣọ, àwọn tó ṣe é máa ń de kọnkéré tàbí irin wíwúwo mọ́ àgbá ìta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e máa ń rò pé irin ló pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kọnkéré ni. Òun ló jẹ́ kí ẹ̀rọ tí kò ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ ní fífẹ̀ máa wọn nǹkan bíi 60 sí 80 kílò.

Nígbà tí ó bá ń fún aṣọ, àgbá náà lè yí ní ìgbà 1,000 sí 1,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ká ní láti àárín àgbá dé etí rẹ̀ jẹ́ 24 sẹ̀ǹtímítà, tí ó sì ń yí ní ìgbà 1,000. Aṣọ tútù tí kò ju ìdajì kílò lọ, tó bá kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò máa fa àgbá síta bí ẹrù tó lé ní 130 kílò. Sípíríǹgì àti sọ́ọ̀kì ń gba díẹ̀ nínú agbára yìí. Ìyókù ń gba ẹsẹ̀ ẹ̀rọ lọ sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wà lókè tí kò kan ilẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Bóòtù ìrìnàjò

Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń fi bóòtù gígùn, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà, mẹ́ta nígbà mìíràn, de àgbá mọ́ ara ẹ̀rọ láti ẹ̀yìn, kí ó má baà máa gbọ̀n jìgìjìgì nínú ọkọ̀ òkun àti lójú ọ̀nà. Bí wọn kò bá yọ wọ́n kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, sípíríǹgì àti sọ́ọ̀kì kò ní lè ṣiṣẹ́, gbogbo ìgbọ̀nrìrì ìfún yóò bọ́ sára páànù, ẹ̀rọ yóò máa dún bí ẹni ń gún odó. Ìfọṣọ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lè ba beárìn tí àgbá fi ń yí tàbí sọ́ọ̀kì jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí kò ju ọjọ́ kan lọ nílé tí wọ́n ti ń pè ní “ayédèrú” kò ní àìsàn mìíràn ju bóòtù yìí lọ.

Sípánà tó bá a mu, tó sábà máa ń wà láàárín nọ́ńbà 10 sí 13, ni a fi ń tú wọn. Bí bóòtù bá ti dẹ̀, a ó fà á jáde pẹ̀lú rọ́bà tó yí i ká, a ó sì fi ìdérí oníke tó bá ẹ̀rọ wá dí ihò náà. Ìdérí yìí kì í ṣe fún ẹwà. Èkúté fẹ́ràn inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, wáyà ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Tòkunbọ̀ kì í sábà ní bóòtù yìí mọ́. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀, tó ń gbé e bọ̀ láti Èkó wá sí Àkúrẹ́, lè ki fóòmù tàbí tówẹ̀lì nípọn sí àyè tó wà láàárín àgbá àti ara ẹ̀rọ, kí ó gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ó sì fi okùn dè é. Tó bá délé, kí ó rántí fa gbogbo rẹ̀ jáde. Tòkunbọ̀ tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá iná wa mu. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ 120 fóòtì (V) àti 60 Hz sí lára, kò bá a mu, ẹ̀dínwó yòówù tí wọn ì báà ṣe lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ àti dídúró déédéé

Ilẹ̀ kọnkéré tàbí táìlì tó lẹ̀ mọ́ kọnkéré dáadáa ló dára jù. Táìlì tó ń dún koko bí a bá fi ìka kàn án lókè ti ṣófo nísàlẹ̀, ó sì lè fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Kápẹ́ẹ̀tì kò dára, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ onípákó.

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù ni pé ibi tí omi wà nínú ilé wa, ìyẹn bálùwẹ̀, kíṣìnì àti fàráńdà ẹ̀yìn, ni bíríkìlà ti mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́ ilẹ̀ sísàlẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde. Ká mú fàráńdà ilé kan ní Òkè-Ìjẹ̀bú, ní Àkúrẹ́, bí àpẹẹrẹ, tí ilẹ̀ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sílẹ̀ nínú mítà kan. Lábẹ́ ẹ̀rọ tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì yóò fi mìlímítà 12 yàtọ̀ síra. Ojú lásán lè má rí i. Ọmọ iṣẹ́ pulọ́ńbà a sì máa sọ fún onílé pé, “Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu, ó ti jókòó,” nígbà tó jẹ́ pé ojú ló fi wọ̀n ọ́n.

Sípíríìtì, igi ìwọ̀n tí bíríkìlà ń gbé lé orí búlọ́ọ̀kù, ni irinṣẹ́ tó yẹ. A ó gbé e lé orí ẹ̀rọ láti ọ̀tún sí òsì, lẹ́yìn náà láti iwájú sí ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà láti igun dé igun. Nǹkan róbótó inú omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sáàárín ìlà méjèèjì. Ẹni tí kò ní sípíríìtì lè gbé àwo pẹrẹsẹ tó bu omi sí lé e, kí ó sì wò ó bóyá omi ga lọ́gbọọgba lẹ́tìí àwo yíká.

Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ń yí bíi bóòtù: bí a bá yí i síta, igun yẹn yóò ga, bí a bá yí i wọlé, yóò relẹ̀. Ó dára kí gbogbo ẹsẹ̀ kọ́kọ́ wọlé pátápátá, kí a wá máa gbé igun tó lọ sílẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, torí ẹsẹ̀ kúkúrú le ju ẹsẹ̀ gígùn lọ. Kí ẹnì kan tẹ ẹ̀rọ sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹnì kejì yí ẹsẹ̀ iwájú. Kò yẹ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni wà lábẹ́ ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tó dì í mú.

Tí sípíríìtì bá ti gbà, ìdánwò ọwọ́ ló kù. A ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ igun méjì tó kọjú síra: iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì, lẹ́yìn náà iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún. Bí a bá gbọ́ “kọ̀”, bó ti wù kó kéré tó, ẹsẹ̀ kan kò tíì kan ilẹ̀. Ẹ̀rọ lè dọ́gba lójú sípíríìtì kó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ló dúró lé, gẹ́gẹ́ bí àga onígi tó ń mì ní ilé ẹ̀kọ́. Ìdánwò ọwọ́ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú méjèèjì.

Nọ́ọ̀tù kan wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òun ni a ó yí lọ sókè títí yóò fi fún mọ́ ìsàlẹ̀ ara ẹ̀rọ. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, ìgbọ̀nrìrì ìfún yóò tú ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ìdọ́gba tí a fi wákàtí kan wá yóò sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀ ju ohun tí ẹsẹ̀ lè gbé lọ, kò sí ẹ̀tàn mìíràn: kí a pe bíríkìlà kó da pèpéle kọnkéré tó tẹ́jú, kó gbẹ dáadáa, kó sì fẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ níhà gbogbo. Pákó, páálí tí a ká tàbí àjákù táìlì lábẹ́ ẹsẹ̀ yóò yọ̀ lọ́jọ́ kan.

Omi

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń fẹ́ kí omi wọlé pẹ̀lú agbára tó wà láàárín 0.5 sí 8 báà. Mítà 10 omi ní òró jẹ́ báà kan, nítorí náà tánkì tó bá ń fún ẹ̀rọ ní 0.5 báà gbọ́dọ̀ fi mítà 5 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ. Tánkì orí sítánṣọ̀n tí kò ju mítà 3 lọ kò tó nìyẹn. Ẹ̀rọ lè gba omi náà, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ṣe bí ẹni pé omi kò sí, yóò sì dáwọ́ dúró. Ìwé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló máa sọ iye tirẹ̀, àwọn kan sì ń gba èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ́ǹpù kékeré tó ń ti omi ni àwọn onílé fi ń yanjú èyí.

Ilẹ̀ Àkúrẹ́ jókòó lórí àpáta, omi kànga àti bọ̀hóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé sì ń lò. Bí omi kànga bá lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ àti iyanrìn máa ń bá a wá. Asẹ́ kékeré kan wà lẹ́nu ibi tí rọ́bà omi ti wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Òun ló máa ń dí. Kí a ti tápù omi, kí a tú rọ́bà, kí a fi ẹ̀mú fa asẹ́ náà jáde, kí a sì fọ̀ ọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́. Ọwọ́ lásán ni a fi ń yí rọ́bà omi mọ́ra títí yóò fi dúró, ká wá fi ẹ̀mú fún un díẹ̀ sí i. Àfúnjù ń gé rọ́bà pẹlẹbẹ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni omi yóò sì ti máa kán.

Rọ́bà tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde gbọ́dọ̀ ga tó 60 sí 100 sẹ̀ǹtímítà kúrò nílẹ̀. Àwọn tó bá gbé e kalẹ̀ sẹ́nu gọ́tà máa ń rí ohun ìyanu: omi ń wọlé, omi ń jáde, ẹ̀rọ kò sì kún láéláé, torí rọ́bà ti ń fa omi jáde fúnra rẹ̀. Páìpù oníke ínṣì 2 tí a gbé dúró mọ́ ògiri, tí a wá ki ẹnu rọ́bà bọ̀ láìdí i pinpin, yanjú rẹ̀.

Iná

Iná ilé wa jẹ́ nǹkan bíi 230 fóòtì, 50 Hz. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbóná omi, ó lè gba nǹkan bíi wáàtì 2,000, ìyẹn tó ámúpù 9. Nígbà tó bá ń fi omi tútù fọṣọ, kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ámúpù 13 tó wà lára ògiri ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀kísítẹ́ṣọ̀n tí fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ti pín. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé ìgbóná omi.

Áàtì ni ohun tí kò yẹ kí a fojú rénà. Omi àti irin wà pọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí. Bí wáyà kan bá bó tó sì kan páànù, áàtì ló ń gbé iná náà lọ kí ó má baà jẹ́ ara ẹni tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì róbótó tó bá tòkunbọ̀ ilẹ̀ Jámánì wá ń gba áàtì láti ẹ̀gbẹ́. Bí a bá fi tipátipá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní áàtì. Kí réwáyà pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì náà. Kí ó sì wọn áàtì ilé fúnra rẹ̀: níbi tí àpáta kò jìnnà sí òkè, irin áàtì kì í sábà wọlẹ̀ jìnnà, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà réwáyà fi máa ń da èédú àti iyọ̀ sí kòtò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ta ọwọ́ ẹni fínnífínní, kí a pa iná láti ògiri, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án títí réwáyà yóò fi dé.

Bí iná bá lọ lójijì, kí a pa sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí iná tó ń padà bọ̀ lè ga ju bó ti yẹ lọ. Ilẹ̀kùn kì í ṣí lójú ẹsẹ̀. Rọ́bà kékeré tàbí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ iwájú ni a fi ń tú omi tó bá kù jáde. Bí omi náà bá gbóná, kí a dúró kó tutù.

Ìfọṣọ àkọ́kọ́

Kí a tan ẹ̀rọ láìsí aṣọ nínú rẹ̀, kí a dúró tì í títí tí yóò fi dé ìfún. Ìwé ìnujú gbígbẹ tí a fi nu ojú ìsopọ̀ rọ́bà yóò fi omi tó ń kán hàn kí ó tó di àbàtà. Lẹ́yìn náà, kí a fi tówẹ̀lì mélòó kan dán an wò. Búláńkẹ́ẹ̀tì tàbí jíìnsì kan ṣoṣo kò dára fún ìdánwò, torí ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò kóra jọ sí. Ilé tí ọmọdé bá wà, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní pípa, kí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ sì wà ní títì lẹ́yìn iṣẹ́. Ọmọdé ń wọ inú àgbá láti sá pamọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí a tún tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, kí a sì wo nọ́ọ̀tù ẹsẹ̀. Bóòtù ìrìnàjò tí a yọ, kí a dì í sínú ọ̀rá, kí a fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí a bá kó lọ sí ilé mìíràn ni a ó tún wá a.