Bí òtẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ ohun tí àlejò ò tíì béèrè

Ẹ jẹ́ ká fo ti ẹ̀rín músẹ́ àti ẹ káàbọ̀ ẹ jẹ́ n bá yín gbé báàgì. Kò sí àlàyé kankan nínú ìyẹn, òtẹ́ẹ̀lì tí ò bá lè ṣe tó yẹn kó kúkú ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Èyí tó dùn ún sọ ni ti àlejò tó wọ yàrá tó bá ìrọ̀rí tó le díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, irú èyí tó fẹ́ràn gan-an, bẹ́ẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ rí. Á wá máa ṣe kàyéfì, ṣé wọ́n lá mi lálàá ni?

Rárá o. Ẹnì kan ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣi nǹkan yìí mọ̀ nìyẹn, ó sì máa ń bíni nínú díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí irú ìtàn báyìí bá jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tẹ́ ẹ máa rí lábẹ́ ẹ̀ ni "áà, ọmọlúàbí ni òṣìṣẹ́ yẹn o", bíi pé òtẹ́ẹ̀lì náà kàn ṣoríire tó ṣa èèyàn rere jọ ni. Inú rere dáa, ṣùgbọ́n èèyàn rere pọ̀ rẹpẹtẹ ní òtẹ́ẹ̀lì tí ò dáa. Ọmọlúàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti lè fún àlejò ní aṣọ ìnura kan lé láìjẹ́ pé máníjà fọwọ́ sí i, kí ló fẹ́ ṣe? Á ní ẹ má bínú, ó parí.

Ẹni tó mọ àlejò jù kì í ṣe máníjà, kì í sì í ṣe ẹni tó wà ní rísẹ́pṣọ̀n tó ń fúnni ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ń tún yàrá ṣe ni. Òun ló ń rí i pé tíì ti tán àmọ́ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọfí, pé àlejò ti wọ́ tábìlì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pé ìrọ̀rí rírọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta léra wọn. Àlejò ò sọ̀rọ̀ o, yàrá ló ń sọ ọ́. Ní Ritz-Carlton, iléeṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá kan, wọ́n máa ń fún òṣìṣẹ́ ní pádì kékeré kan láti fi kọ irú nǹkan báyìí, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lábẹ́ orúkọ àlejò, kó lè dúró dè é dìgbà tó bá tún padà wá.

Ẹ wo eèrà. Eèrà kan ṣoṣo ló máa kọ́kọ́ rí ṣúgà tó dà sílẹ̀, kò ní pariwo, kò sì ní fóònù, bó ṣe ń padà lọ sílé ló ń fi òórùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà, èyí tó bá pàdé òórùn yẹn á tẹ̀ lé e, á sì fi tiẹ̀ kún un, kẹ́ ẹ tó mọ̀ wọ́n ti tò lọ rẹrẹ. Eèrà tó gbé ṣúgà níkẹyìn lè má fojú kan eèrà àkọ́kọ́ rí láyé ẹ̀. Ẹni tó gbé ìrọ̀rí líle sórí bẹ́ẹ̀dì lónìí náà ò mọ ẹni tó ṣa ti rírọ̀ nílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, òórùn ló tẹ̀ lé. Eèrà tó bá wá rí ṣúgà tí kò fi òórùn sílẹ̀ ńkọ́? Òṣìṣẹ́ tí gbogbo ayé ń yìn pé ó mọ gbogbo kọ́sítọ́mà sórí nìyẹn, ọjọ́ tó bá ríṣẹ́ síbòmíì báyìí, gbogbo kọ́sítọ́mà yẹn di àjèjì. Òórùn náà sì máa ń gbẹ, ó tiẹ̀ yẹ kó gbẹ, torí ẹni tó ń mu tíì lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn lè ti fi tíì sílẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì tí ò bá sì pa àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ́ á máa tò lọ síbi tí ṣúgà ti tán tipẹ́. Ó ti tó, kí ọ̀rọ̀ eèrà má bàa pọ̀ jù.

Àmọ́ ọ̀kan kù: eèrà kì í lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọbabìnrin ẹ̀ kó tó gbé ṣúgà. Ritz-Carlton yìí kan náà ló sọ ìyẹn di òkìkí. Òṣìṣẹ́ yòówù kó jẹ́ níbẹ̀, títí dórí ẹni tó ń nu ilẹ̀, lè ná tó 2,000 dọ́là lórí àlejò kan láti yanjú ìṣòro ẹ̀ tàbí láti mú inú ẹ̀ dùn, láìbéèrè lọ́wọ́ ọ̀gá kankan. Táwọn èèyàn bá ti gbọ́ 2,000 báyìí, ojú wọn á ti là, wọ́n rò pé owó yẹn ni àṣírí ẹ̀. Owó kọ́! Iṣẹ́ tí nọ́ńbà yẹn ń ṣe ni pé ó ń lé ìbẹ̀rù lọ, ẹni tí wọ́n fún láṣẹ 2,000 ò ní máa gbọ̀n lórí 20. Àlejò tínú ń bí kì í sì í dúró de kí ìwé lọ sókè kó bọ̀.

Ìtàn tó lókìkí jù nínú tiwọn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná wọn ní nǹkan kan. Ọdún 2012 ló gbòde. Ọmọdé kan gbàgbé bèbí ẹ̀, àgùnfọn kan tó ń jẹ́ Joshie, sí Ritz-Carlton tó wà ní Amelia Island ní Flórídà, nígbà tílẹ̀ wá ṣú tí oorun ò kun ọmọ, bàbá ẹ̀ pa á nírọ́ pé Joshie kàn ní òun fẹ́ lo ọjọ́ díẹ̀ sí i nínú họ́lídè òun ni. Nígbà tí wọ́n rí bèbí náà, bàbá jẹ́wọ́ irọ́ tó pa fún wọn, ó ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ya fọ́tò ẹ̀ kan lórí àga létí omi ìlúwẹ̀ẹ́. Fọ́tò kan ló bẹ̀bẹ̀ fún o. Joshie délé tòun ti ìwé fọ́tò: ó ń najú létí omi, wọ́n gé kùkúḿbà lé e lójú níbi tí wọ́n ti ń wọ́ra, ó ń wa ọkọ̀ gọ́ọ̀fù, ó tún jókòó síwájú ẹ̀rọ kámẹ́rà bíi ọ̀gá sìkúrítì. Ẹ bá mi ṣírò iye owó kùkúḿbà yẹn. Ọ̀rọ̀ kan tí bàbá fẹnu sọ ni ṣúgà, ẹni tó gbọ́ ọ ò jẹ́ kó lọ, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ bi í pé ta ló ní kó máa ya fọ́tò lásìkò iṣẹ́.

Àbùkù ẹ̀ wà. Ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu lẹ́ẹ̀kíní, tó bá máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹta ó ti di ẹ̀tọ́, ọjọ́ tí ò bá sí níbẹ̀ àlejò á ní wọ́n ti ń já wá kulẹ̀. Ó tún burú nígbà tí máníjà bá sọ ọ́ di dandan pé gbogbo ọ̀sẹ̀ kí kálukú mú ìtàn kan wá, òṣìṣẹ́ á wá máa wá ẹni tó máa yà lẹ́nu kiri, omi gbígbóná ò yọ nínú báluwẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ti fi aṣọ ìnura ṣe ẹyẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń lọ tú Facebook àlejò wò kó tó dé, wọ́n á wá máa kí i fún nǹkan tí kò sọ fún wọn, ẹ̀rù ló ń bà á, wọ́n rò pé inú ẹ̀ ń dùn.

Àlejò míì sì wà tó jẹ́ pé aago méjì òru ló ń dé, ó fẹ́ sùn ni, kò fẹ́ ìtàn. Níbi tí wọ́n bá ti mọṣẹ́, ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ju ìlà kan lọ: ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ kíá, kẹ́nikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn ẹ̀ títí di ọ̀sán.